Àgbà Kì Í Wà Lọ́jà: Ọ̀rọ̀ lórí Yíyan Alágbàtọ́ fún Ọmọ Ọwọ́

     

Kókó ọ̀rọ̀ tí a fún mi lónìí lè dà bí ọ̀rọ̀ kékeré létí àwọn kan. Wọ́n lè wí pé: kí ni ó kan ẹgbẹ́ ìṣẹ̀ṣe nínú ọ̀ràn ẹni tí ń bá ni gbé ọmọ? Ìpàdé tí a ti ń sọ̀rọ̀ ojúbọ tó ń wó àti igbó òrìṣà tí wọ́n ń tà ha ni a ó ti máa sọ ìyẹn bí? Èsì mi ni ìbéèrè kan: ta ni ń wà lọ́dọ̀ ọmọ wa láti aago 7 òwúrọ̀ títí di aago 6 ìrọ̀lẹ́? Ohùn ta ni ọmọ náà ń gbọ́ jù? Ọwọ́ ta ni ó ń nà sí bí ẹ̀rù bá bà á? Bí a bá tún gbogbo ojúbọ ilẹ̀ yìí kọ́, tí a kò sì mọ irú ẹni tí a fa ọmọ lé lọ́wọ́, ta ni yóò wá bọ ohun tí a tún kọ́ lọ́la?

Nínú agbo ilé àtijọ́, ìbéèrè yìí kò le tó báyìí. Ìyá ọkọ wà níbẹ̀, ìyá ìyàwó ń bọ̀ wá wẹ ọmọ, àwọn ìyàwó ilé wà. Bí ìyá ọmọ bá ń lọ sọ́jà, ẹ̀yìn mẹ́ta mẹ́rin ni ó wà nílẹ̀ tí ó lè pọn ọmọ rẹ̀. Lónìí, tọkọtaya nìkan ni ó ń gbé inú ọ̀pọ̀ ilé ní Èkó, ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyá àgbà fúnra rẹ̀ sì lè máa ṣiṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ lọ́wọ́. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ti fún àwọn obìnrin tí ń ṣiṣẹ́ ọba lọ́dọ̀ rẹ̀ ní ìsinmi ìbímọ oṣù 6 láti ọdún 2014. Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ 12 ni Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà kọ sílẹ̀: 6 ṣáájú ìbímọ, 6 lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀. Obìnrin tí ilé-iṣẹ́ rẹ̀ kò fún ní ju ohun tí òfin wí lọ gbọ́dọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́ nígbà tí ọrùn ọmọ rẹ̀ kò tíì le.

Ọ̀rọ̀ ọrùn tí kò tíì le yìí ni ó gbé mi dé ìdí òwe tí gbogbo wa mọ̀: àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ìgbà tí a bá ń parí ìjà ni a sábà máa ń pa á. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a dá a padà sí ibi tí ó ti wá, ìyẹn sí ẹ̀yìn ẹni tó pọn ọmọ. Ẹ kíyè sí i pé òwe náà kò sọ pé ìyá kì í wà lọ́jà. Àgbà ni ó wí. Ọjà sì ni ibi tí àlejò pọ̀ sí jù. Ọmọ tí orí rẹ̀ ń wọ́ yẹn lè máà jẹ́ ọmọ àgbà náà rárá. Síbẹ̀, ẹrù rẹ̀ ni láti tún orí náà ṣe. Iṣẹ́ alágbàtọ́ gan-an nìyẹn. Ẹni tí a ń wá ni ẹni tí kò lè rí orí ọmọ ọlọ́mọ kí ó wọ́, kí ó sì gbójú kúrò, yálà ìyá ọmọ wà níbẹ̀ tàbí kò sí. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí kò ju bí a ó ti mọ ẹni náà, àti ohun tí àwa náà jẹ ẹ́ ní gbèsè.

Èkíní, kí ó jẹ́ àgbà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí yóò dun àwọn kan nínú wa. A máa ń ránṣẹ́ sí abúlé, tàbí kí a gba ọwọ́ aṣojú tí ń kó wọn wá láti ilẹ̀ Benin àti Tógò, kí wọ́n mú ọmọbìnrin ọlọ́dún 10 tàbí 11 wá kí ó máa pọn ọmọ wa. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé ti ọdún 2003 sọ pé ọmọdé ni ẹni tí kò tíì pé ọdún 18. Òfin tí ó de kíkó ènìyàn ṣòwò, ti ọdún 2015, sì sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ láti gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀. Àwọn kan yóò dáhùn pé láyé àtijọ́, ṣebí ẹ̀gbọ́n ni ó ń pọn àbúrò? Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n ojúde ni ó ti ń pọ̀n ọ́n, àwọn ìyá tó jókòó ti ìkòkò aró tàbí agbada gàrí sì ń wò ó. Kò sí àgbà kan nígbà náà tí ó ti ọmọdé méjì mọ́nú ilé, tí ó fi kọ́kọ́rọ́ sí àpò, tí ó sì lọ síbi iṣẹ́. Ẹ má ṣe fi àṣà bo ohun tí àṣà kò ṣe rí. Ọmọbìnrin náà fúnra rẹ̀ jẹ́ orí ọmọ tí ń wọ́ lọ́jà. Ilé ẹ̀kọ́ ni ó yẹ kí ó wà.

Èkejì, kí a wádìí ìwà rẹ̀ fúnra wa. Àwọn ènìyàn a máa kọ orúkọ obìnrin mẹ́ta wá bá mi, pé kí n fi ìbò yan ọ̀kan fún wọn. Kí n tó fọwọ́ kan ọ̀pẹ̀lẹ̀, mo máa ń béèrè pé: Ta ni onídùúró rẹ̀? Ṣé ẹ ti dé ibi tí ó ń gbé? Ọmọ ta ni ó tọ́jú kẹ́yìn, kí ni ó sì gbé e kúrò níbẹ̀? Bí wọn kò bá rí èsì fọ̀, mo máa ń ní kí wọ́n lọ wá èsì wá ná. Kì í ṣe pé mo ṣiyèméjì nípa Ifá. Ifá ni mo fi ń jẹun, òun ni mo sì fi ń sùn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹsẹ̀ lè rìn dé, tí ojú sì lè rí, ọ̀lẹ ni ẹni tí ó di ẹrù rẹ̀ lé Ọ̀rúnmìlà lórí. A ń bi Ifá ní ohun tó pamọ́. Orúkọ onídùúró kò pamọ́.

Nítorí náà, ẹ wá onídùúró méjì, kí ó kéré tán ọ̀kan nínú wọn máà jẹ́ ẹni tí ń gba owó lórí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé aṣojú tí yóò gba tirẹ̀ lára owó oṣù àkọ́kọ́ kò ní sọ àbùkù ọjà rẹ̀ fún yín. Ẹ fi ojú ara yín rí ilé wọn. Bí ó bá ti tọ́jú ọmọ níbòmíràn rí, ẹ pe ìyá ọmọ náà, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè kan péré: bí ẹ bá tún bímọ lónìí, ṣé ẹ ó tún pè é? Ẹ fetí sí èsì rẹ̀ dáadáa. Bí ó bá yára dáhùn, ẹ gbọ́. Bí ó bá dákẹ́ díẹ̀ kí ó tó dáhùn, ẹ tún gbọ́ ìyẹn pẹ̀lú. Lẹ́yìn gbogbo èyí, ẹ wá sọ́dọ̀ Ifá. Bí Ifá bá sì wí pé rárá, ẹ má jiyàn.

Ẹ̀kẹta, ẹ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ méjì ó kéré tán wà tí alágbàtọ́ àti ìyá, tàbí ìyá àgbà, yóò jùmọ̀ wà nílé kí ìyá tó padà síbi iṣẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu kò fi alágbàtọ́ hàn bí ọwọ́ rẹ̀. Ṣé ó máa ń fọ ọwọ́ kí ó tó gbé ọmọ? Bí ó bá ń gbé e, ṣé ó ń fi ọwọ́ gbá orí àti ọrùn rẹ̀ mú? Bí ọmọ bá ké fún ìṣẹ́jú 10 tí kò dákẹ́, kí ni ojú rẹ̀ ń sọ? Ibí yìí ni a ti ń mọ ènìyàn. Ẹkún ọmọ máa ń mú inú bí àgbàlagbà, ìyá tó bí i pàápàá. Alágbàtọ́ tó gbọ́n ni ẹni tí ó lè tẹ́ ọmọ sílẹ̀ síbi tí kò léwu, kí ó bọ́ síta díẹ̀, kí ó mí, kí ó sì padà wọlé. Ẹni tí ń jan ọmọ tàbí tí ń mì í jìgìjìgì pé kí ó dákẹ́, ẹ dá a dúró lọ́jọ́ náà. Mímì bẹ́ẹ̀ lè ba ọpọlọ ọmọ jẹ́, ó sì lè pa á.

Ẹ̀kẹrin ni ọ̀rọ̀ ẹnu, mo sì ń sọ èyí gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ní ọdún 1984, Janet Werker àti Richard Tees ní Kánádà fi hàn pé ọmọ oṣù 6 sí 8 lè gbọ́ ìyàtọ̀ láàrin àwọn ìró èdè tí kò gbọ́ rí. Nígbà tí yóò fi pé oṣù 10 sí 12, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pàdánù etí náà, ìyàtọ̀ tí èdè ilé rẹ̀ ń lò ni ó sì kù sí i lọ́wọ́. Ní ọdún 2003, Patricia Kuhl àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà mú àwọn ọmọ oṣù 9 láti ilé tí a ti ń sọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tó ń sọ Mandarin, èdè kan ní ilẹ̀ Ṣáínà, bá wọn ṣeré, wọ́n sì kàwé fún wọn nígbà 12. Àwọn ọmọ náà kọ́ láti dá ìró Mandarin mọ̀. Wọ́n fi àwòrán àti ohùn àwọn ènìyàn kan náà han àwọn ọmọ mìíràn lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn yẹn kò kọ́ ohunkóhun.

Ẹ gbé e wò. Èdè wa ni èdè tí ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ fi ń ya ọkọ sọ́tọ̀ kúrò lára ọkọ́, tí ó fi ń ya ọkọ́ kúrò lára ọkọ̀. Ọdún àkọ́kọ́ ni etí ń la sí i, ẹnu ènìyàn alààyè ni ó sì ń là á. A wá sí ìpàdé, a ń sunkún pé Yorùbá ń kú, nígbà tí a dé ilé, a pàṣẹ fún obìnrin tí Yorùbá rẹ̀ dán bí omi pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí ó máa bá ọmọ sọ, Gẹ̀ẹ́sì tí òun fúnra rẹ̀ kò gbọ́ tán. Bí kò bá sì sí ìyẹn, a tan tẹlifíṣọ̀n fún ọmọ. Ẹ yan ẹni tí ń bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ẹ kọ́ ọ ní oríkì ọmọ náà, kí ó máa fi jí i: Àjọkẹ́, Àkànní, Àdùkẹ́. Bí alágbàtọ́ bá jẹ́ Ẹ̀gùn tàbí Ìgbìrà, kí ó sọ èdè tirẹ̀ tó mọ́. Etí ọmọ gba méjì. Ẹ̀yin òbí ni yóò fi Yorùbá bá ọmọ náà sùn, tí ẹ ó fi bá a jí.

Ẹ̀karùn-ún, ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn. Ọ̀pọ̀ yín ti sọ fún mi pé ọmọ ìṣẹ̀ṣe nìkan ni ẹ lè gbà. Ó dára bí ẹ bá rí i. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ẹni tó so ìlẹ̀kẹ̀ mọ́ ọrùn ni ó ní ìwà mọ́ra, ìwà sì ni ẹ̀sìn. Mùsùlùmí tó ní sùúrù sàn fún ọmọ yín ju onífá tí ń fi ìbínú na ọmọ lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ọmọ ìjọ Kírísítì tó ní ojú àánú. Ohun tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ni ọ̀wọ̀, a kò béèrè pé kí ó bá wa bọ òrìṣà. Kí a sọ ọ́ fún un ní gbangba kí ó tó gba iṣẹ́: Ifá ni ilé yìí ń sìn, ìdè wà lọ́rùn ọwọ́ ọmọ yìí, èèwọ̀ rẹ̀ nìyí. Ṣé o lè bá wa gbé láìdẹ́rù ba ọmọ, láìsọ fún un pé èṣù ni àwọn baba rẹ̀ ń bọ? Bí ó bá wí pé òun kò lè ṣe é, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí ó lọ ní àlàáfíà; olóòótọ́ ni. Bí ó bá wí pé òun lè ṣe é, kí àwa náà fún un ní àyè kí ó kí ìrun rẹ̀ lásìkò, tàbí kí ó lọ sí ìsìn rẹ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ọ̀wọ̀ tí a kò fún ni, a kì í gbà á.

Nípa èèwọ̀, àwọn òbí kan máa ń gbọ́ ohun tí Ifá sọ nígbà ẹsẹ̀ńtayé, wọn a sì fi í pamọ́ sórí ara wọn bí àṣírí. Ta ni ń bọ́ ọmọ lójú oorun ọ̀sán? Ẹ kọ èèwọ̀ náà sílẹ̀ lédè tí alágbàtọ́ lè kà, ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri ilé ìdáná. Kí ó máa yẹ okùn ìdè náà wò lójoojúmọ́, nítorí pé okùn tó bá gbó lè já, ọmọ a sì gbé ìlẹ̀kẹ̀ sẹ́nu.

Ẹ̀kẹfà, ohun tí yóò wọ ẹnu ọmọ. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí ọmọ mu omi ọmú ìyá nìkan fún oṣù 6 àkọ́kọ́, láìfi omi lásán kún un. Mo mọ ibi tí mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, mo sì mọ àwọn oníṣègùn tó wà níhìn-ín. Mo bọ̀wọ̀ fún àgbo. Ṣùgbọ́n oníṣègùn tí ó mọṣẹ́ kì í se àgbo fún ọmọ tí kò rí, kì í sì í jẹ́ kí ẹlòmíràn fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Nítorí náà, kí alágbàtọ́ máà fún ọmọ ní àgbo, máà fún un ní oògùn òyìnbó, máà sì fún un ní ohunkóhun tí a ń pè ní oògùn oorun. Kò tíì pẹ́ jù tí a fi lè gbàgbé: láti ìparí ọdún 2008 wọ 2009, oògùn olómi kan tí wọ́n ń fún àwọn ọmọ tí ń hu eyín pa wọ́n ju 80 lọ ní Nàìjíríà, nítorí pé májèlé wọ inú rẹ̀. Inú ìgò tó ní orúkọ lára ni ìyẹn ti wá. Mélòó ni ìgò tí kò lórúkọ?

Bí ìyá bá ń fún omi ọmú sílẹ̀, kí alágbàtọ́ mọ̀ pé kò gbọdọ̀ ju wákàtí 4 lọ lóde fíríìjì, kí ó tilẹ̀ dín sí i nínú ooru ilẹ̀ wa yìí. Kí ó máa fi ẹ̀yìn tẹ́ ọmọ sílẹ̀ láti sùn, lórí ibùsùn tó le díẹ̀, láìsí ìrọ̀rí. Òfin Iṣẹ́ tún fún ìyá tó ń fún ọmọ lọ́mú ní ààbọ̀ wákàtí nígbà méjì lójúmọ́ lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ béèrè fún un. Ẹ̀tọ́ yín ni.

Èyí tó kẹ́yìn ni gbèsè tiwa. Ẹ wo ọ̀rọ̀ náà, alágbàtọ́: ẹni tó ní àgbàtọ́, ẹni tí ń gbà tọ́. Gbà yìí náà ni ó wà nínú agbẹ̀bí. Ọwọ́ agbẹ̀bí ni ọmọ kọ́kọ́ bọ́ sí, ọwọ́ alágbàtọ́ ni ó tẹ̀ lé e. A kì í rí agbẹ̀bí fín. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ilé wa, ẹni tí ń gbà tọ́ ti di "ìwọ yẹn". Orí ilẹ̀ ni ó ń sùn, ìkókò ọbẹ̀ ni ó ń jẹ, owó oṣù rẹ̀ ń fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pẹ́, ó ń fọṣọ, ó ń dáná, ó ń nulẹ̀, a sì tún fẹ́ kí ó ní sùúrù fún ọmọ tó ké láti òru mọ́jú. Ẹni tí kò sùn kò lè ṣọ́ ẹni tó sùn. Ẹ san owó rẹ̀ lọ́jọ́ tó pé. Ẹ fún un ní ọjọ́ ìsinmi. Kí ó jẹ nínú oúnjẹ tí ilé ń jẹ. Ẹ jẹ́ kí iṣẹ́ ọmọ jẹ́ iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ má sì di gbogbo iṣẹ́ ilé rù ú. Ìtàn Ọ̀rúnmìlà àti Ìwà, aya rẹ̀, kò ṣàjèjì sí wa: nígbà tí Ìwà binú kúrò nílé, ire ilé náà bá a lọ. Ó lè jẹ́ ẹsẹ̀ alágbàtọ́ ni yóò gbà jáde nílé yín.

Kí ẹ tó kúrò níhìn-ín, ẹ bi ara yín léèrè: ẹni tó wà lọ́dọ̀ ọmọ yín ní wákàtí yìí, ṣé ẹ mọ ilé rẹ̀? Ṣé ẹ mọ orúkọ ìyá rẹ̀? Ṣé òun náà mọ ẹni tí yóò pè bí ara ọmọ bá gbóná? Bí ẹ kò bá mọ̀, iṣẹ́ àkọ́kọ́ yín lálẹ́ òní nìyẹn.

Kí Olódùmarè fún wa ní ọmọ tí yóò dàgbà. Kí Ọ̀ṣun fi omi tútù wẹ̀ wọ́n. Kí orí ọmọ wa má wọ́ lọ́jà, kí àgbà má wọ́n wa níbẹ̀. Àbọrú, àbọyè, àbọṣíṣẹ. Àṣẹ o.